Òfin Lórí Búútà Olówó Pọ́ọ́kú

Àtìní, 13 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ọyẹ́ yìí le. Ètè mi ti bẹ́ kí n tó sọdá afárá Kennedy, eruku ò sì jẹ́ kí n rí odò tó wà lábẹ́ mi. Onítakisí náà ń wúkọ́ láti Harobanda títí dé ẹnu ọ́fíìsì wa ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí òwò.

Ọ̀gá pè mí wọlé. Ó ní èmi ni ìgbìmọ̀ yàn láti kọ òfin tuntun náà, èyí tí yóò dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ọjà òkèèrè tí wọ́n ń dà lé wa lórí ní iye tí kò tó owó tí wọ́n fi ṣe wọ́n. Wọ́n fẹ́ kó parí kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń sáré lẹ́yìn iṣẹ́ yìí. Síbẹ̀, kí n tó dúpẹ́, mo sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n mi Àbdùlqúdùs ló ni ilé iṣẹ́ búútà rọ́bà tí a fi ń ṣe àlùwàlá tó wà ní Harobanda, pé irú ọjà bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà wí lọ́la pé mo fi pamọ́.

Ọ̀gá kọ ọ́. Ó ní, "Zùlàíkhà, ta ni kò ní ẹ̀gbọ́n ní Niamey?"

Mo ra ọsàn lọ sílé. Inú mi dùn.

Àlàrùbá, 15

Mo yà lọ́dọ̀ Bọ̀dá Àbdùlqúdùs lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ nínú mẹ́ta. Àwọn búútà tí oníbàárà rẹ̀ ní ọjà Grand Marché dá padà wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tò wọ́n léra wọn, ó ga jù mí lọ. Ààwẹ̀ ku oṣù kan ààbọ̀. Àkókò tí àwọn èèyàn máa ń jà sí búútà níbẹ̀ nìyí.

Ó mú ọ̀kan lára ti òkèèrè, ó gbé e lé òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn hóró rọ́bà.

"Wò ó. Bí mo bá ra hóró rọ́bà tó wà nínú eléyìí nìkan, 300 sẹ́fà ni. Àwọn alátùntà ń gba odindi ẹ̀ ní 275. Ta ló san owó iná? Ta ló sanwó fún ẹni tó ṣe é? Ta ló san owó ọkọ̀ tó gbé e la òkun já, tó tún gbé e láti Lomé dé ibí?"

"Ìjọba wọn ni, Bọ̀dá."

"Ìjọba tèmi dà?"

Mo sọ fún un pé èmi ni wọ́n gbé òfin náà lé lọ́wọ́. Ó dì mọ́ mi lójú àwọn òṣìṣẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi rí láti ọjọ́ tí a sin Bàbá. Hàdìzà, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin tó ń fi ọ̀bẹ gé etí búútà bó bá ti jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, gbójú sókè, ó fi èdè Zarma bi mí pé, "Ṣé òfin yẹn máa yá ju owó oṣù wa lọ?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bọ̀dá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Àtìní, 20

Ìjókòó àkọ́kọ́. Odindi òwúrọ̀ la fi jà lórí ọ̀rọ̀ kan: kí ni iye tòótọ́ tí ọjà kan tó?

Òfin àtijọ́ ní kí a lọ wo iye tí wọ́n ń ta ọjà náà nílé ibi tó ti wá. Bí iye tí wọ́n ń tà á fún wa bá kéré sí ti ilé wọn, a lè fi owó ibodè kún un. Ó dùn-ún kà. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tó jẹ́ pé ìjọba ló ni báǹkì, òun ló ni iná, òun ló ni ilé iṣẹ́ tó ń ṣe hóró rọ́bà, tó sì ń pàṣẹ iye tí olúkúlùkù yóò tà, kí la fẹ́ lọ wò? Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa, ẹ̀ẹ̀mejèèjì la sì pàdánù. Wọ́n á kàn mú ìwé wá pé 250 ni wọ́n ń tà á nílé wọn, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Sámúẹ́lì ló là á yé wọn. Òun ló ń rí sí ìṣirò ọrọ̀ ajé láàárín wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Maradi. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ tó ń ta màásà lẹ́nu ilé bàbá ẹ̀. Bàbá ló ra jéró, bàbá ló ra òróró, bàbá ló ra igi. Bí ẹ bá bi ọmọ yẹn pé èló ni màásà ń náni, irọ́ ló máa pa, kò sì ní mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ sọdá títì, kí ẹ lọ bi opó tó ń fi owó ara ẹ̀ ra jéró."

Ohun tí mo kọ sí abala keje nìyẹn: bí ìjọba ilẹ̀ kan bá ń pàṣẹ iye owó, a ó fi iye tí wọ́n ń ṣe irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn tí kò sí àṣẹ díwọ̀n rẹ̀. Mo kọ ọ́ ní Faransé, mo nù ún, mo tún un kọ. Bí mo ti ń jáde, Sámúẹ́lì sọ fún mi ní Yorùbá pé, "Abala yìí ni wọ́n máa bá wa jà lé lórí. Ìyókù, ọ̀ṣọ́ ni."

Láhádì, 26

Mo lọ kí Màmá ní Maourey. Àwọn ọmọ kéú tí Bàbá fi sílẹ̀ ṣì ń wá sí àgbàlá, Alífà tuntun ló ń kọ́ wọn báyìí. Mo rí búútà tuntun tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù. Ti òkèèrè ni gbogbo wọn.

"Màmá, ẹ ra tiwọn?"

"Wọ́n fọ́ àwọn ti tẹ́lẹ̀. Tí mo bá ní ti ẹ̀gbọ́n ẹ ni màá rà, ìdajì àwọn ọmọ yìí ni kò ní rí nǹkan fi ṣe àlùwàlá."

"Ẹ mọ̀ pé ó ń pa á lára."

"Mo mọ̀. Àtàpa ni wọ́n ń tà á, kí ẹlòmíì kúrò lọ́jà. Ojú mi ò fọ́. Ṣùgbọ́n bó o bá ti mú un wọ́n, wá sọ fún mi ẹni tó máa fún àwọn ọmọ olọ́mọ ní búútà."

Ó bu fùrá, jéró tí wọ́n pò mọ́ wàrà, fún mi, ó ní mo ti rù.

Mo ronú lé e títí mo fi sọdá odò. Bí wọ́n bá lé gbogbo ẹni tó ń ṣe é nílé lọ tán, ta ló máa dá ẹni tó kù lẹ́kun pé kó má gbé iye rẹ̀ sókè? Èsì tó yẹ kí n fún un nìyẹn. Ó dé lẹ́yìn àkókò.

Àtìní, 3 oṣù Èrèlé

A pe àwọn oníṣòwò pé kí wọ́n wá sọ ti ẹnu wọn. Gbọ̀ngàn kún. Ẹ̀rọ amúlétutù ò ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà la jókòó.

Àlájì Ùmàr ló sọ̀rọ̀ fún àwọn tó ń kó ọjà wọlé. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Maourey kò ju ìwọ̀n ìpè kan lọ sí ilé Màmá, bàbá ẹ̀ àti bàbá wa ni wọ́n jọ kúrò ní Ìlọrin. Ó kọ́kọ́ sọ Faransé fún Ọ̀gá. Nígbà tó rí i pé gbọ̀ngàn kò gbọ́, ó bọ́ sí Hausa.

Ó ní, "Búútà 350 sẹ́fà lẹ́nu alátùntà. Talákà rà á, ó rí i fi kírun. Wọ́n ní ó pọ́ọ́kú jù! Ẹ dákun, ta ni ọjà olówó pọ́ọ́kú ṣẹ̀ rí?" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó dúró kí ó rọlẹ̀. Ó wá nawọ́ sí mi. "Ọmọ bàbá mi ni ẹni tó ń kọ òfin yìí, mi ò ní bú u. Ṣùgbọ́n ẹ bi í, ta ló kù tó ń ṣe búútà ní Niamey? Ẹ bi í kó dárúkọ rẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè kọ́ lèyí. Òfin ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni."

Ariwo sọ. Mo dìde, mo ní mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, pé ó wà nínú àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnì kan gbọ́ mi. Obìnrin kan tó ń ta ìkòkò alumíníọ̀mù wò mí bí ẹni tó rí olè.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kì í ṣe irọ́ ló pa.

Àlàmísì, 6

Iná lọ láti àárọ̀. Mo fọwọ́ kọ abala kẹjọ àti ìkẹsàn-án. Òógùn kán sí i.

Àtìní, 10

Ọ̀gá ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ó ní láti òkè, lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ, ni ọ̀rọ̀ ti wá: n ó máa kọ òfin náà lọ, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ la ẹnu mọ́ ní ìjókòó. Sámúẹ́lì ni yóò máa ka ohun tí mo bá kọ, tí yóò sì máa dáhùn ìbéèrè.

Mo ní bí wọn ò bá fọkàn tán mi, kí wọ́n mú un lọ́wọ́ mi pátápátá.

"Ta ni kí n gbé e fún?" ni Ọ̀gá wí. "Kò sí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n."

Èyí ni pé ọwọ́ mi mọ́ tó láti ṣiṣẹ́, ẹnu mi ló dọ̀tí. Mo kí i pé ó dàbọ̀, mo padà sídìí tábìlì mi. Sámúẹ́lì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú sí mi." Mo ní kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka abala keje láì kọsẹ̀.

Sátidé, 15

Ilé iṣẹ́ Bọ̀dá. Mẹ́fà péré ló kù nínú àwọn obìnrin, ó ti ní kí ìyókù máa lọ sílé ná. Epo tí gúrúpù, ẹ̀rọ amúnáwá náà, ń mu lọ́jọ́ tí iná bá lọ ju èrè ọjọ́ náà lọ. Ó jókòó sórí àpò hóró rọ́bà, ó ń fi ìka tọ́ ojú àpò náà.

"Àlájì Ùmàr kọjá níbí," ló wí.

"Kí ló wá ṣe?"

"Ó wá kí mi. Ó ní ọ̀rọ̀ tó sọ ní gbọ̀ngàn kì í ṣe ti ìkórìíra."

"Kí lẹ fún un lésì?"

"Mo fún un lómi mu. Àlejò ni."

Hàdìzà sìn mí dé títì. Ó ní ọmọ òun obìnrin yóò ṣe ìdánwò bẹ̀ẹ́fù, èyí tí wọ́n fi ń jáde ní girama kékeré, lọ́dún yìí, ó ní kí n má jẹ́ kí òfin náà pẹ́. Mo ṣèlérí. Kí ló dé tí mo ṣèlérí?

Jímọ̀, 21

Wọ́n gba abala keje. Mo kọ́kọ́ kọ ìyẹn sílẹ̀ ná, nítorí ìyókù ọ̀rọ̀ náà korò.

Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ fún àwọn akó-ọjà-wọlé ní àwọn yóò dákẹ́ lórí abala keje bí a bá fi abala kan kún un: pé ilé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ láìdúró fún oṣù méjìlá tó ṣáájú nìkan ló lè mú ẹ̀sùn wá. Wọ́n ní kí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan má baà máa fi ẹjọ́ dá ọjà dúró nítorí ìlara. Ọ̀rọ̀ náà jọ ọgbọ́n. Ọ̀gá pè mí sẹ́yìn: "Gbà á, tàbí kí gbogbo rẹ̀ kú. Àwọn òkè kò fẹ́ ariwo nínú ààwẹ̀."

Mo ní kó fún mi láàyè díẹ̀. Mo bọ́ síta, mo pe Bọ̀dá.

"Bọ̀dá, ẹ̀rọ yín ò tíì dúró rí láti ọdún tó kọjá, àbí?"

"Kò dúró."

"Ẹ lè jẹ́ kí ọ̀kan ṣoṣo máa yí títí òfin á fi jáde? Kódà kó jẹ́ búútà mẹ́wàá lóòjọ́."

Mi ò gbọ́ ìró ẹ̀rọ lẹ́yìn ẹ̀, mo rò pé inú mọ́tò ló wà.

"Yóò máa yí," ló wí. "Kọ ohun tó o bá fẹ́ kọ."

Mo wọlé, mo kọ ọ́. Abala kọkànlá. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, mo sì kọ ọ́ dáadáa, kò sí ihò kankan tí èèyàn lè gbà jáde nínú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn.

Sátidé, 1 oṣù Ẹrẹ́nà

Wọ́n rí oṣù. Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Mo gba Grand Marché kọjá lọ ra dàbínù. Búútà tiwọn wà níbi gbogbo, wọ́n so ó mọ́ okùn bí ẹja. Mo wá ti Bọ̀dá títí. Mi ò rí ọ̀kan.

Àlàmísì, 6

Bọ̀dá ò gbé fóònù. Ìyàwó ẹ̀ ní ó lọ sí Lomé. Mo bi í pé kí ló lọ ṣe, ó ní òwò ni.

Láhádì, 9

Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìlú báyìí. Ògiri yàrá mi gbóná bí ojú ààrò.

Hàdìzà wá sí ilé mi kí oòrùn tó wọ̀. Kò fẹ́ jókòó. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá mo ní ìròyìn, pé wọ́n ti géètì ilé iṣẹ́ pa, kò sì sẹ́ni tó bá àwọn sọ̀rọ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti Àlàrùbá tó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ náà fúnra ẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó ní ká máa gbàdúrà."

Mo bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, mo tún ka ọjọ́ náà sókè. Àlàrùbá, 19 oṣù Èrèlé, ló pa ẹ̀rọ. Jímọ̀, 21, ni mo pè é.

Omi ìṣínu ààwẹ̀ ni mo fún Hàdìzà gbé lọ, pẹ̀lú dàbínù. Ó dúpẹ́ ní Zarma, "Fofo," ó lọ. Mo jókòó sórí ẹní títí wọ́n fi pe ìrun, mi ò mọ̀ pé wọ́n ti pè é.

Àtàláátà, 11

Mo bẹ Ọ̀gá pé kí a yọ abala kọkànlá. Ó bi mí ìdí. Mo sọ fún un. Ó ní, "Ṣé kí n lọ sọ fún àwọn òkè pé ká yí òfin padà nítorí ilé iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ ti kú?"

Ó tọ̀nà. Èyí gan-an ni wọ́n ní mo ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, n kò ṣe é rí àfi lónìí.

Àtìní, 17

Ìjókòó ìkẹyìn pẹ̀lú àwọn oníṣòwò. Mo jókòó sẹ́yìn Sámúẹ́lì bí wọ́n ti pa á láṣẹ, tèmi tìwé mi. Àwọn ti Àlájì Ùmàr wọlé ní ọ̀wọ́, wọ́n sì jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún. Bọ̀dá wà láàárín wọn.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ṣìnà ni.

Nígbà tó kàn án, ó dìde. Agbádá funfun tó wọ̀ nígbà Ìléyá ló wọ̀. Ọ̀gá ní kó sọ orúkọ àti iṣẹ́ ẹ̀. Ó ní, "Àbdùlqúdùs Bẹ̀llò. Mo ṣe búútà fún ọdún mọ́kànlá. Mo ń ta búútà báyìí." Ó ní òun kò lòdì sí òfin, òun mọ̀ ju ẹnikẹ́ni nínú gbọ̀ngàn lọ pé ó yẹ. Ó ní kí wọ́n kàn fún àwọn tí ọjà wọn ti wà lójú ọ̀nà ní oṣù mẹ́fà. Kọ̀nténà tòun wà ní Lomé.

Kò wo apá ibi tí mo wà. Àlájì Ùmàr ló wò mí. Ojú ẹ̀ kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, ó dà bí ẹni tó wá síbi òkú.

Mo bá Bọ̀dá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ purọ́ fún mi, Bọ̀dá."

"Mo purọ́."

"Ẹ̀rọ ti kú, ẹ ní yóò máa yí."

"Bí mo bá sọ òtítọ́, ṣé o máa kọ abala náà?"

"Láéláé."

"Òfin náà á sì kú dànù. Ọdún mẹ́ta lo fi wá a, Zùlàíkhà. Ilé iṣẹ́ mi ti lọ, kò sóhun tó máa dá a padà. Mo ní kí ẹnì kan nínú wa rí nǹkan mú bọ̀." Ó fi etí agbádá nu iwájú orí. "Ọmọ mẹ́rin ló ń bẹ nílé. Wọn ò lè jẹ abala keje."

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi mọ ìró ẹ̀rọ yẹn lẹ́yìn ohùn ẹ̀ lórí fóònù. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kí n tẹ́tí, mo ní inú mọ́tò ló wà.

Wọ́n fún wọn ní oṣù mẹ́fà náà.

Láhádì, 30

Ọdún Ààwẹ̀. Gbogbo wa lọ sí Maourey.

Bọ̀dá gbé ìrẹsì wá fún Màmá, àti aṣọ léèsì kan tó lẹ́wà. Àwọn ọmọ ẹ̀ wọ bàtà tuntun. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó gbàdúrà fún mi, mo ṣe àmín. Màmá rí wa. Ó bu oúnjẹ sínú àwo kan ṣoṣo, ó gbé e sáàárín wa, ó ní, "Ẹ jọ jẹ ẹ́ lójú mi."

A jọ jẹ ẹ́. Ó ti ẹran sí apá ọ̀dọ̀ mi bó ti máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo fẹ́ kórìíra ẹ̀, ó ṣòro. Mo mú ẹran náà fún èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ ẹ̀.

Àtàláátà, 15 oṣù Igbe

Wọ́n buwọ́ lù ú. Abala keje wà níbẹ̀, kò sí àmì kan tí wọ́n yí. Abala kọkànlá náà wà níbẹ̀.

Ooru yìí ti kọjá ohun tí à ń sọ. Ọ̀gá ra ohun mímu tútù fún gbogbo ọ́fíìsì, ó ní òfin wa ni yóò jẹ́ àwòkọ́ṣe. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Ní báyìí mo lè la ẹnu! Mo ní mo dúpẹ́, mo jókòó.

Sámúẹ́lì ní kí n má fajú ro. Àwọn tó ń ṣe fóòmù wà, àwọn tó ń ṣe ọṣẹ wà, ẹ̀rọ wọn ṣì ń yí, òfin náà á gbà wọ́n. Bóyá. Mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Mo tilẹ̀ ń gbàdúrà fún wọn, àwọn ẹni tí n kò mọ̀ rí.

Àtàláátà, 29

Olùfẹjọ́sùn àkọ́kọ́ dé.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wá sọ fún mi pé àwọn obìnrin kan wà níta, wọ́n ní èmi làwọn ń wá. Mo ní kó mú wọn wọlé. Ẹnì kan ṣoṣo ló wọlé, àwọn ìyókù dúró lábẹ́ igi ọ̀dán tó wà lójúde. Hàdìzà ni. Ó ti ró aṣọ tó fi ń lọ òde.

Ó sọ gbogbo rẹ̀ ní ìdúró. Ó ní Bọ̀dá gbà láti yá àwọn ní ẹ̀rọ kan. Mẹ́jọ ni àwọn. Wọ́n ti kó owó adáṣe, èésú tí wọ́n jọ ń dá, jọ, ọkọ ọ̀kan nínú wọn mọ iná ṣe. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń yọ́ rọ́bà, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń dà á. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni iye ti òkèèrè: bó bá ṣì wà ní 275, kí oṣù kan tó pé, wọn yóò ti jẹ gbèsè. Wọ́n gbọ́ lórí rédíò pé òfin ti jáde, pé ẹni tó bá ń ṣe nǹkan nílé lè wá fẹjọ́ sùn. Nítorí náà wọ́n wá.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "O ṣèlérí, o sì mú un ṣẹ."

Mo ní kó jókòó. Ó jókòó. Mo mú òfin náà, mo ṣí i sí abala kọkànlá, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún un sí Zarma. Pé ẹni tó bá fẹ́ fẹjọ́ sùn gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé iṣẹ́. Pé ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún oṣù méjìlá tó ṣáájú. Pé kò gbọdọ̀ dúró láàárín rẹ̀.

Ó ronú sí i.

"Èyí ni pé ká kọ́kọ́ ṣe é fún ọdún kan láìsí òfin."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"A ò lè ṣe é fún ọdún kan láìsí òfin."

"Mo mọ̀."

"Ẹni tó kọ eléyìí, ṣé ó mọ̀?"

Mo lè sọ pé ìgbìmọ̀ ni. Mo lè sọ pé àwọn òkè ni. "Èmi ni mo kọ ọ́, Hàdìzà."

Kò bú mi. Ó tún gèlè rẹ̀ so. Ó ní kí n jọ̀wọ́ kà á fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n má sáré, nítorí àwọn tó wà níta yóò bèèrè, òun kò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tòun kún un. Mo kà á. Ẹnu ẹ̀ ń bá mi lọ díẹ̀díẹ̀. Ó dìde, ó dúpẹ́, ó jáde.

Mo sún mọ́ fèrèsé. Wọ́n ti pagbo yí i ká lábẹ́ igi. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀ ketekete: ilé iṣẹ́ ni, ẹ̀rọ ẹ̀, oṣù méjìlá tó ṣáájú, kò gbọdọ̀ dúró. Kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Nígbà tó parí, ọ̀kan nínú wọn bi í ní nǹkan kan tí mi ò gbọ́. Hàdìzà nawọ́ sí fèrèsé mi, gbogbo wọn sì yíjú wò ó.